Ijó Tí Mo Fi Lé Dókítà Ojú Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, bí a bá ti pàdé rí, ó ṣeé ṣe kí n ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má bínú. Bí mo bá rí ẹni tó sùn lọ lórí àga, ọwọ́ mi á ti wà nídìí okùn bàtà rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹlẹ́fẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe kẹ́yìn yìí, n kò tíì rí ẹni tó bá mi rẹ́rìn-ín sí i. Èmi gan-an ti gbìyànjú. Ẹ̀rín náà kì í jáde dáadáa.

Ọmọbìnrin ni mí, mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ká kúkú sọ òtítọ́, ilé-ìwé ló fi mí sílẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ tí mo lu agogo ìparí láàárọ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbé báàgì, tí wọ́n sáré lọ sílé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà.

Ọwọ́ àǹtí mi dáa, ojú rẹ̀ ni kò dáa mọ́. Kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń fi òwú wá ihò abẹ́rẹ́ tí kò rí i, á ní iná ṣọ́ọ̀bù ni kò mọ́lẹ̀ tó. Èmi ni mò ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún un. Èmi ni mò ń sọ fún un pé òwú yìí dúdú, pé ìyẹn funfun.

Lọ́jọ́ kan ó béèrè òwú dúdú, mo gbé pupa lé e lọ́wọ́. Ṣòkòtò dúdú ló ń tún rán, ti alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa. Alágbàfọ̀ wọ̀ ọ́ jáde, gbogbo ọ̀nà ń pariwo lé e lórí. Ó sáré wọlé wá bá wa.

"Ẹlẹ́fẹ̀! Ṣé ojú títì ni ìdí mi ni, tẹ́ ẹ fi fa ìlà sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àǹtí mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò náà dé imú, ó wò ó pẹ́, kó tó rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá ilé-ìwé kan, tó gbé yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ fún wa rán, wá yẹ iṣẹ́ wò. Ó mú kọ́là aṣọ kan, ó na apá méjèèjì sókè.

"Ìyá aránṣọ, apá yìí ń lọ sókè, apá yìí ń lọ sísàlẹ̀. Ṣé wọ́n ń jà ni?"

"Iná ṣọ́ọ̀bù ni, mà."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi dá ṣáká."

"Ó dáa. Bí kò bá dá, ẹ tètè sọ fún mi kí n gbé e lọ fún ẹlòmíì."

Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé wa ró, àwa méjèèjì. Bó bá lọ, kò sí nǹkan míì nílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn dókítà ojú dé láti òkè òkun.

Wọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oníkálukú wọn fi ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn sọ́kọ̀, wọ́n wá tọ́jú àwa tí kò sí dókítà ojú lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Dókítà Gíga ni a sọ ọ́, torí pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ̀, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ tán, á ṣì fi orí gbá a.

Ẹni tó ń túmọ̀ èdè fún wọn ni Tíṣà. Òun ló kọ́ mi kẹ́yìn ní ilé-ìwé, kí ọ̀rọ̀ agogo yẹn tó ṣẹlẹ̀.

Gbọ̀ngàn ibùdó ìlera ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ mí, mo ti wà lójú fèrèsé kí wọ́n tó tú ẹrù tán.

Wọ́n gbé pátákó funfun kan kọ́ sára ògiri. Wọn kò kọ lẹ́tà sí i, torí pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀wé. Àwòrán kan náà ni wọ́n yà sí i léraléra, ó dà bí òòyà eléyín mẹ́ta. Eyín òòyà kan kọjú sókè, ti òmíràn kọjú sí ọ̀tún, ti òmíràn sí ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fi ọ̀pá kan òòyà kan, ìwọ á fi ọwọ́ júwe ibi tí eyín rẹ̀ kọjú sí.

Ẹni tó bá júwe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ dá nìyẹn. Wọ́n á fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kun àtàǹpàkò rẹ̀, á máa lọ sílé. Ẹni tí kò bá rí i, wọ́n á so okùn pupa mọ́ ọn lọ́wọ́, á wọ inú lọ bá Dókítà Gíga. Inú lọ́hùn-ún ni awò ojú wà. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Mo wò ó, ó sì yé mi. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, torí n kò lè sọ fún yín pé n kò mọ̀.

Àwọn tó tò síta ni kò mọ̀. Tíṣà ló jáde sí wọn, ó di ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

"Ẹ tò dáadáa! Ìdánwò la fẹ́ ṣe. Kí oníkálukú pọkàn pọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì mí níwájú àwọn àlejò!"

Ìdánwò! Ojú gbogbo wọn yí padà. Obìnrin kan jáde pẹ̀lú okùn pupa lọ́wọ́, ó fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó dúró de òun. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn fún un.

"Ó ti fèèlì."

"Ó mà ṣe o. Obìnrin jẹ́jẹ́."

Bàbá káfíńtà ló wà níwájú ìlà. Bàbá yìí ti gbẹ́ àga gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àga tó bá gbẹ́ tán á máa mì lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ibà. Ó yọ́ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹlẹ́fẹ̀, kí ni wọ́n ń béèrè nínú ilé yẹn?"

"Bàbá, ó le díẹ̀ o."

"Yéè! Láti kékeré ni mo ti ń sá fún ìdánwò. Ó wá mú mi lọ́jọ́ ogbó!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀."

Ẹ bá mi rò ó wò. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ẹni tó béèrè ìdáhùn ìdánwò lọ́wọ́ mi rí. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ dúró nílẹ̀.

Ohun tó sì jẹ́ kó rọrùn ni pé èrò pọ̀, nọ́ọ̀sì ń kánjú. Ìlà kan ṣoṣo ló ń lò lára pátákó náà, á bẹ̀rẹ̀ láti òsì, á parí rẹ̀ sí ọ̀tún, kò yí i padà rí. Òkè, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì. Ó tán.

Bàbá káfíńtà kò lè há a sórí. Bó bá dé ìsàlẹ̀ kejì, á ti gbàgbé. Ni mo bá sọ ọ́ di ijó fún un. Ju ọwọ́ sókè, na ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀, tún bẹ̀rẹ̀, gba òsì lọ! Bàbá gbá a mú. Ó jó wọlé, ó jó jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ aláwọ̀ ewé nà sókè bí àsíá.

"Mo páàsì! Ẹ wò ó! Èmi náà páàsì!"

Àwọn èèyàn hó yèè. Wọ́n yí mi ká. "Ẹlẹ́fẹ̀, kọ́ èmi náà." "Ẹlẹ́fẹ̀, èmi ló kàn." Mo gun orí àpótí kan, mò ń darí wọn. Gbogbo ìlà ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde.

Mo rò pé kí oòrùn tó mú, àwọn dókítà á ti mọ̀. Wọ́n á lé mi, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo fẹ́ rí ojú wọn.

Wọn kò mọ̀.

Dókítà Gíga tilẹ̀ jáde wá wò wá. Ó pàtẹ́wọ́, ó yọ fóònù, ó ń yà wá ní fọ́tò. Tíṣà gbé ohùn sókè: "Dókítà ní ijó yín wu òun. Ó ní ṣé ijó ìran yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni mo fi ìgbe dáhùn látorí àpótí. "Àwọn baba ńlá wa ló fi sílẹ̀!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rín náà kò pọ̀ tó ti àná mọ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Dókítà Gíga tó jókòó sí tábìlì rẹ̀, kò sí aláìsàn níwájú rẹ̀. Ó to awò ojú, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó sọ̀rọ̀ gbúrúgbúrú sí Tíṣà. Tíṣà jáde sí wa.

"Dókítà ní wọ́n sọ fún òun pé ojú ń yọ àwọn ará ibí lẹ́nu. Ó ní àwọn aláìsàn òun wà nílé tí wọ́n ń retí òun, òun sì jókòó síbí, òun ń wo ògiri!"

"Ẹ sọ fún un pé ojú tiwa dá!" ni ọkùnrin kan pariwo, ó fi ìgbéraga gbé àyà sókè.

Òpó gbọ̀ngàn ló kọjú sí. Ó rò pé Tíṣà ni.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo rí òpó, mo rí ọkùnrin náà, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Mo ti ń bẹ àǹtí mi pé kó lọ rí wọn, ó ní ohunkóhun kò ṣe ojú òun. Mo gbà pé kò ní lọ, mo sì ń ro bí mo ṣe máa tàn án débẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì yẹn, mo dé ṣọ́ọ̀bù, maṣíìnì ń hó, àǹtí mi ń fẹnu kọrin. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi lójú.

Àwọ̀ ewé.

"Mo lọ," ló wí. "Mo yege. Bàbá káfíńtà ló kọ́ mi kí n tó wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé kọjá níbí láìpẹ́, mo fi hàn án. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Mo gbá àtàǹpàkò náà mú.

"Àǹtí, kí lẹ rí lára pátákó yẹn?"

"Pátákó wo?"

"Èyí tó wà lára ògiri, tí nọ́ọ̀sì ń fi ọ̀pá kàn."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí maṣíìnì. "Ṣé pátákó ni? Ògiri ni mo rò pé ó ń kàn. Tí mo bá ti gbọ́ tó dún kò, mo kàn ń jó lọ."

Mo jókòó tì í. Mo sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fèèlì ni wọ́n ń tọ́jú, ẹni tó bá páàsì ni wọ́n ń dá padà sílé.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́fẹ̀! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, Àǹtí."

"Ìgbà tí o ní eku wà nínú maṣíìnì mi ńkọ́? O ò fi Ọlọ́run búra? Mo gun orí tábìlì, èmi àgbàlagbà."

Eku kankan kò sí nínú maṣíìnì.

Mo sáré lọ bá alágbàfọ̀ pé kó bá mi bá a sọ ọ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fi ìka kan ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ìlà pupa náà ṣì wà níbẹ̀. "Ìdí mi kò gbà ọ́ gbọ́," ló wí.

Mo sáré dé gbọ̀ngàn, mo bá nọ́ọ̀sì. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀. Mo kan pátákó, mo fi ọwọ́ bo ojú, mo jó ijó náà, mo mi orí pé rárá, rárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbá orí mi pẹ́pẹ́, ó sì fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kun àtàǹpàkò mi.

Mo fẹ́ sunkún.

Mo wá Tíṣà kàn lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ijó yẹn kì í ṣe ijó."

"Kí wá ni? Bọ́ọ̀lù?"

"Ìdáhùn ìdánwò ojú ni. Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ. Ní gbogbo ọdún tí o lò ní kíláàsì mi, o kò mọ ìdáhùn kan ṣoṣo. Ìwọ lo wá mọ ti gbogbo ìlú?"

"Ẹ ṣáà ní kí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan péré, sà."

"Ó yé mi. O fẹ́ kí n lọ máa kọ́ àwọn àlejò níṣẹ́ wọn, kí ìwọ dúró lójú fèrèsé kí o máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbàgbé agogo o!"

Ó pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ mi nínú ọgbà náà mọ́.

Ó ku àwọn tó tò síta. Mo lọ bá wọn, mo ní ìdáhùn ti yí padà, mo fẹ́ kọ́ wọn ní èyí tí kò tọ̀nà. Ẹ wá wo ariwo! Bàbá káfíńtà ló ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wà lórí àpótí tèmi, ó ń darí ijó.

"Ẹ má dá a lóhùn!" ló wí. "Ó ń ṣe ìlara. Kò fẹ́ ká pọ̀ tó páàsì."

"Bàbá, èmi ni mo kọ́ yín!"

"O kọ́ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ báyìí. Sún kúrò, o ń dí ojú ìlà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ ti pariwo òótọ́ rí débi tí ọ̀nà ọ̀fun yín fi ń dun yín, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún yín pé ẹ̀fẹ̀ yín dùn? Bí wọ́n ṣe ṣe fún mi nìyẹn. Bí mo ṣe ń bínú tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ gbéra. Gbogbo irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn dókítà tó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ níbí, wọ́n ń lọ sí ìlú tí aláìsàn wà. Dókítà Gíga àti àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn lọ́sàn-án.

Àwọn èèyàn péjọ síta gbọ̀ngàn láti dágbére. Tíṣà ní Dókítà fẹ́ kí a fi ijó wa sin òun dé ọ̀nà, òun náà fẹ́ bá wa jó o. Ta ni yóò darí rẹ̀?

"Ẹlẹ́fẹ̀!" ni wọ́n pariwo. "Òun ló ni ín!"

Ẹ̀ṣọ́ wo Tíṣà, Tíṣà wo ẹ̀ṣọ́. Èrò ti tì mí wọ inú ọgbà kí àwọn méjèèjì tó lè dá mi dúró.

Ọmọkùnrin kan ń gbé pátákó funfun náà lọ sínú ọkọ̀ kejì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e ti táyà ọkọ̀, mo mú ọ̀pá nọ́ọ̀sì, mo dúró tì í.

"Ó yá o!"

Mo kan òòyà àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ju ọwọ́ sókè. Dókítà Gíga náà ju tirẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kan èkejì, wọ́n na ọ̀tún. Mo kan ẹ̀kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo kan ẹ̀kẹrin, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Gíga kò dìde láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí.

Ó wo pátákó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yíjú wo gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ti gba òsì lọ láìwo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ó nàró díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí Tíṣà. Àwọ̀ ojú Tíṣà yí padà.

"Ó ń béèrè pé kí lèyí," ni Tíṣà sọ fún mi.

"Mo ti sọ fún yín lánàá, sà."

Dókítà Gíga gba pátákó náà, ó dorí rẹ̀ kodò. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó fi kan òòyà kan, ó nawọ́ pe Bàbá káfíńtà. Bàbá bọ́ síwájú, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Òkè! Ọ̀tún! Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gba òsì lọ, ó sì na àtàǹpàkò sókè.

Kò sí èyí tó bá ti pátákó mu.

Àwọn ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Bàbá káfíńtà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Ṣé mi ò jó o dáadáa ni?"

Dókítà Gíga jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó sọ̀rọ̀. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ fún mi, kò wo ojú mi.

"Ó ní kí n bi ọ́ pé kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀."

"Àtàǹpàkò Bàbá," ni mo wí. "Bó ṣe nà án sókè."

Tíṣà kò túmọ̀ ìyẹn.

Wọ́n tú ẹrù tó kù sílẹ̀. Awò ojú ṣì wà, wọ́n ní wọ́n á dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún wá wo ìjà tuntun! Àwọn èèyàn di àtàǹpàkò wọn mú, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dán ojú wọn wò.

"Mo ti páàsì! Kí ni mo tún fẹ́ wọlé ṣe?"

Mò ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ lọ fèèlì!" Wọ́n ń lé mi. Tíṣà fúnra rẹ̀ gun orí àpótí, ó pariwo: "Ẹ gbọ́! Ẹni tó bá fèèlì ló yege!"

"Áà," ni obìnrin kan wí, "Tíṣà náà ti di Ẹlẹ́fẹ̀."

Díẹ̀ wọlé. Bàbá káfíńtà wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú awò ojú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àga kan tó ti gbẹ́ fún ibùdó ìlera náà. "Ta ló gbẹ́ ìranù yìí?" ló béèrè.

Mo sáré lọ mú àǹtí mi. Ó ní òun kò lọ síbì kankan. Mo fà á lọ́wọ́, ó já ọwọ́ gbà.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n nu yíǹkì yìí kúrò lọ́wọ́ mi? Kí ọ̀gá ilé-ìwé gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ? Kí la fẹ́ jẹ, Ẹlẹ́fẹ̀? Ẹ̀fẹ̀ rẹ?"

Mo padà lọ bẹ Tíṣà. Tíṣà bẹ Dókítà Gíga. Ó rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa fúnra rẹ̀, ó sì fi orí gbá òkè ilẹ̀kùn bó ti ń wọlé.

"Ẹ kú àbọ̀, mà," ni àǹtí mi wí. Maṣíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà ló kí.

Dókítà Gíga tan iná tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí i lójú, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa iná, ó sọ̀rọ̀. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní nǹkan kan ti bo ẹyin ojú yín. Awò ojú kò lè ràn yín lọ́wọ́, iṣẹ́ abẹ ni. Ó ní iṣẹ́ náà kì í pẹ́, àti pé ẹ̀ ẹ́ padà máa ríran. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tó lọ láàárọ̀, ìlú tó lọ sì jìnnà, wọn kò ní gba ibí kọjá mọ́. Ó ní ká ní ẹ ti wá ṣáájú ni."

"Mo wá," ni àǹtí mi wí. "Ẹ sọ fún un. Mo wá, mo sì yege."

Tíṣà sọ ọ́ fún un. Dókítà Gíga mú ọwọ́ àǹtí mi, ó fi ìka rẹ̀ nu yíǹkì náà, ó ń nù ún ṣáá. Kò kúrò.

Wọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní wọ́n á padà wá, wọn kò sọ ìgbà.

Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ó bá wa dárò dáadáa, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Èyí tó ya ni a ń tún ṣe báyìí, aṣọ oríṣiríṣi, àwọ̀ oríṣiríṣi. Mò ń rán kọ́là, ó sì ń tọ́. Bí a bá rí i rán, a jẹun.

Kò lù mí. Ì bá sàn kó lù mí. Bí mo bá sọ ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ó ṣì máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ òótọ́ ni kì í mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹlẹ́fẹ̀ bíi tèmi, mi ò ní kẹ́ ẹ jáwọ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè jáwọ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé aṣọ kan lé itan, ó nawọ́ sí mi.

"Fún mi ní òwú búlúù."

Mo wá a dáadáa. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo fi lé e lọ́wọ́. "Búlúù rèé, Àǹtí."

"O ṣeun."

Ó fi ọwọ́ kan òwú náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ́ ara ògiri jáde, ó dúró kí ọkọ̀ kan kọjá, ó sọdá títì lọ bá alágbàfọ̀.

Mo gbọ́ ohùn alágbàfọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. "Búlúù ni."

Ó padà wọlé, ó jókòó, ó na òwú àti abẹ́rẹ́ sí mi kí n bá òun fi sí i.

"Búlúù ni lóòótọ́," ló wí fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ mọ̀.